Màmá Mi àti Ojú Tó Wà Lájà

Ọ̀rẹ́ màmá mi kan bi í nígbà kan pé iṣẹ́ wo ni ọmọ ẹ̀ ń ṣe. Màmá mi ní, "Ó ń bá aráyé pa iná ni." Mi ò tíì rí ẹni tó ṣàlàyé iṣẹ́ mi dáadáa tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí àwa tí à ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ṣàlàyé ara wa, a ó sọ̀rọ̀ títí ẹni tó béèrè á fi máa wo aago.

Ètò ìṣirò fún àwọn ilé ìtajà ni mo kọ́kọ́ ń kọ. Nígbà tó yá, mo ka ìròyìn kan nípa bí ayé ṣe ń gbóná sí i, àyà mi já, mo sì pinnu pé èmi ni màá gba ayé là. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo lọ bá ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń ṣe ètò tí kì í jẹ́ kí àwọn ilé fi iná ṣòfò. Ọ́fíìsì wa kún fún kọ̀ǹpútà tí a kì í pa, tí gbogbo wọn ń jẹ iná kí wọ́n lè bá wa ṣírò iná tí àwọn ẹlòmíì ń fi ṣòfò. Ooru wọn pọ̀ débi pé ẹ̀rọ amúlétutù kì í sinmi. Kò sí ẹni tó rí nǹkan kan tó burú níbẹ̀ nínú wa.

Iṣẹ́ tèmi gan-an nìyí: a máa ń lẹ ẹ̀rọ kékeré kan, tó rí bíi bọ́tìnnì, mọ́ àjà yàrá. Ojú la ń pè é. Tí ojú yìí bá rí i pé nǹkan ń rìn nínú yàrá, á jẹ́ kí iná àti fáànù máa ṣiṣẹ́. Tí nǹkan kan ò bá mira fúngbà díẹ̀, ètò tí mo kọ á gbà pé yàrá ti ṣófo, á sì pa gbogbo ẹ̀. Èmi ni mo pinnu bí ìgbà díẹ̀ yẹn ṣe máa gùn tó, mo sì jẹ́ kó kúrú, torí pé ọ̀gá wa fẹ́ràn kí ìlà tó ń fi iye iná tí ilé kọ̀ọ̀kan ń lò hàn lójú kọ̀ǹpútà máa lọ sílẹ̀.

Ọ̀gá ò gbà ká lẹ ojú mọ́ àjà ọ́fíìsì tiẹ̀. Ó ní ó ń dí òun lọ́wọ́. Àmọ́ ẹni tó bá ní òun máa dá ni láṣọ, ti ọrùn ẹ̀ là á kọ́kọ́ wò, àwọn oníbàárà sì fẹ́ rí ilé tó ń lò ó. Mo nawọ́ sókè pé ká lo tèmi. Bí ilé mi ṣe di ilé tí wọ́n ń mú oníbàárà wá wò nìyẹn. Torí pé èmi àti ìyàwó mi kì í gbé ojú kan, kò pa iná mọ́ wa lórí rí.

Nígbà tí bàbá wa kú, mo lọ mú màmá mi wá sọ́dọ̀ mi. Inú mi dùn gan-an pé ó wá. Màmá mi kì í ṣe alárìnkiri. Tó bá jókòó sí pálọ̀, ó dìgbà tó bá wù ú kó tó dìde. Ẹnì kan ti kún wa nílé, síbẹ̀ iná tí à ń lò ò fẹ́rẹ̀ẹ́ lé. Ọ̀gá mi yìn mí: "Ìwọ yìí, ọlọ́gbọ́n ni ẹ́." Mo gbà á gbọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyàwó mi fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Olówó orí mi, ẹ wá ná." Kì í pè mí bẹ́ẹ̀ àfi tí nǹkan bá ti bà jẹ́.

"Màmá nìkan ló wà ní pálọ̀," ó ní, "wọ́n ń juwọ́ sí àjà. Mo gbọ́ tí wọ́n ní, 'Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, mo wà níbí.'"

"Ta ni wọ́n ń kí?"

"Ohun tí mo wá bi yín nìyẹn."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí ti mọ̀. Èmi tí mo kọ ètò náà ni mi ò mọ̀. Ẹ̀rù bà mí. Ògiri ni bàbá màmá mi kọ́kọ́ ń bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ogbó ẹ̀, kó tó gbàgbé gbogbo wa. Mi ò fẹ́ kí màmá mi gbàgbé mi. Láìpẹ́ sígbà yẹn náà ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí n dá òun padà sílé òun, ó di ẹrù sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Mo lọ bá dókítà sọ̀rọ̀, ó dá ọjọ́ tí a máa wá fún wa. Kí ọjọ́ náà tó pé, èmi fúnra mi ń dán an wò.

"Màmá, ọjọ́ wo la wà yìí?"

"Ọjọ́ tó o tètè délé ni."

"Ta ni mí?"

"Ọmọ tí kì í jẹ́ kí n sinmi."

Mo jókòó tì í láìmira, mo ń wá ìbéèrè míì. Òun náà ò mira, ó ti dijú. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Lójijì, iná kú, fáànù dúró. Màmá mi ò tiẹ̀ lajú. Ó kàn na ọwọ́ sókè, ó jù ú, ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, mo wà níbí." Iná tàn.

Ara mi kọ́kọ́ fúyẹ́, orí màmá mi pé pérépéré. Lẹ́yìn náà ni ìtìjú bò mí.

"Màmá, ṣé bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é látọjọ́ yìí nìyí?"

"Ṣé kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń gbé ilé yín nìyẹn ni? Mi ò mọ ẹni tó wà lókè yẹn, àmọ́ tí mo bá ti kí i, á tan iná. Ìgbà tí apá bá ń ro mí, mo máa ń wà nínú òkùnkùn jẹ́jẹ́ mi."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi? Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."

"Iṣẹ́ ẹ ni, ọmọ mi. Ṣé kí n wá máa bá iṣẹ́ ẹ jà ni? Mo kàn fẹ́ lọ sílé mi ni. Níbẹ̀, tí mo bá jókòó, mo jókòó náà nìyẹn."

Gbogbo iná tí mo ń fi pípa ẹ̀ yangàn káàkiri, màmá mi ni mo ń pa á mọ́ lórí. Mo gun àga, mo fi ọ̀bẹ ìdáná yọ ojú náà kúrò lájà, ọ̀dà sì bá a ṣí wálẹ̀.

"Rọra o," màmá mi wí, "kó o má ṣubú."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ."

"Màá wò ó ná."

Láìpẹ́ sígbà yẹn, ọ̀gá kọ̀wé sí mi lórí fóònù: "Kí ló ṣẹlẹ̀ nílé ẹ? Ìlà ti gòkè lọ, àwọn oníbàárà sì ń bọ̀ wá wò ó. Kí ni kí n sọ fún wọn?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àlàyé gígùn, pẹ̀lú gbogbo gírámà iṣẹ́ wa. Mo pa á rẹ́. Mo yọjú sí pálọ̀: màmá mi wà níbẹ̀ jẹ́jẹ́, iná ń tàn, kò juwọ́ sí ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ni mo tún un kọ: "Ọ̀gá, ẹ sọ fún wọn pé màmá mi jókòó."