Gàrí Lábẹ́ Páìpù Bàbá Sànúsí

Ìtàn Bàbá Sànúsí tí wọ́n ṣì ń sọ jù ní àdúgbò Fante New Town ni ti ọjọ́ tó jókòó ti ìsopọ̀ páìpù kan níwájú ṣọ́ọ̀bù Esi tó ń ta páìpù, láti àárọ̀ títí wọ́n fi pe ìrun alásárì. Ó gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ wá láti ilé, pẹ̀lú ègé méjì páìpù rọ́bà dúdú, irú èyí tó ṣeé ká bí okùn. Ó fi ìsopọ̀ tó fẹ́ rà so páìpù méjèèjì pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ omi Esi, ó tẹ́ bébà sábẹ́ rẹ̀, ó sì bu gàrí gbígbẹ sórí bébà. Ó ní bí omi bá kán sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gàrí á wú, nítorí gàrí kì í parọ́.

Esi, ọmọ ilẹ̀ náà tó dàgbà láàárín àwọn Yorùbá, bẹ̀ ẹ́ títí. “Papa, mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rà á tàbí kí ẹ gbé e sílẹ̀.”

Bàbá ní kó fara balẹ̀. Rọ́bà a máa le láàárọ̀, oòrùn ọ̀sán ló ń mú un dẹ̀, ìgbà yẹn ni àṣírí ìsopọ̀ máa ń tú. Nígbà tí wọ́n pe ìrun, ó yẹ gàrí wò. Ó gbẹ táútáú. Bàbá dìde, ó dúpẹ́, ó ní òun á padà wá lásìkò ọyẹ́ láti wò ó bóyá òtútù náà ò ní í mú un jò.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ń dùn kò sí ní ṣọ́ọ̀bù. Sàbírátù ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́bàá títì, ó ń tò sórí ìlà omi. Àìṣátù àti àwọn àbúrò rẹ̀ ti lọ sílé ọkọ, òun nìkan ló kù tó ń ru garawa, nítorí Bàbá ò tíì rí ìsopọ̀ tó máa fi fa omi wọ àgbàlá wọn. Ọrùn rẹ̀ ti le débi pé bó bá kírun tán, kò lè yíjú sósì ṣe sálámà mọ́. Apá ọ̀tún ló ń ṣe, ó sì ń bẹ Ọlọ́run pé kó gba ìyókù bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe pé Bàbá háwọ́. Lọ́dún 1986, ó ra ìsopọ̀ kan láìwo inú rẹ̀. Kò sí òrùka rọ́bà nínú ẹ̀, páìpù sì yọ nígbà tí wọ́n wà ní ìrun Jímọ̀. Kí wọ́n tó dé, omi ti jẹ ìdí ògiri amọ̀ yàrá Sàbírátù, ògiri sì wó lé ibùsùn rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni Bàbá ò ti fọkàn tán ìsopọ̀ kankan láyé.

Ẹ̀rù náà tẹ̀ lé e kiri. Níbi ìkómọ kan ní Ayigya, àlùfáà ń ṣàdúrà lọ́wọ́ nígbà tí Bàbá gbọ́ tí omi ń kán tó, tó, tó nílé ìdáná. Ó yọ́ dìde, ó lọ bẹ onílé pé kó fún òun ní gàrí díẹ̀. Ojú ti onílé pé ebi ń pa àlejò òun, ó sáré gbé gàrí wá nínú abọ́, pẹ̀lú ṣúgà àti ẹ̀pà. Bàbá mu ún tán. Lẹ́yìn náà ló wá tọrọ ti páìpù.

Ọdún márùn-ún kọjá báyìí. Nígbà tó yá, Sàbírátù sọ garawa kalẹ̀ láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀. “Bàbá Àìṣátù, ó ti rẹ̀ mí. Ẹ mú ọ̀kan. Èyí tó bá fẹ́ jò, kó jò.”

“Bó bá jò, ibùsùn ta ni ògiri máa wó lé?”

Sàbírátù ti rò látọjọ́ yìí pé páìpù lọkọ òun fẹ́ràn.

Lọ́jọ́ kejì ni Bàbá lọ ra ìsopọ̀ onídẹ kan tí òrùka rọ́bà inú rẹ̀ nípọn. Ó gé ẹnu páìpù gún régé, ó tì í wọnú títí kò fi lọ mọ́, ó sì dè é. Omi yọ nínú àgbàlá wọn. Fún oṣù mẹ́jọ, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, Bàbá ń bu gàrí sábẹ́ ìsopọ̀ náà, ó sì ń bá adìẹ jà pé wọ́n ń jẹ ẹlẹ́rìí òun.

Ọyẹ́ ọdún náà ló mú Bàbá lọ. Omi ẹ̀rọ yẹn ni wọ́n fi wẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ fìdáù ọjọ́ kẹjọ, Esi bá Sàbírátù níbi tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí, tó ń bu gàrí sórí bébà. Ó ní, “Maame, ẹni tó ń ṣe é ti lọ. Ẹ jẹ́ kó sinmi.”

“Bí mo bá lọ bá a, tó bi mí bóyá ó jò, kí ni n óò sọ?”

Esi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún mọ́ ọn lẹ́nu. Sàbírátù fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó tẹ́ ẹní, ó kírun. Ó ṣe sálámà sọ́tùn-ún. Ó ṣe é sósì, ọrùn rẹ̀ sì yí láìrò tẹ́lẹ̀, títí ojú rẹ̀ fi bá ìdí ẹ̀rọ omi níbi tí Bàbá máa ń lóṣòó sí. Ó wo ibẹ̀ pẹ́. Gàrí náà gbẹ.