Ọjọ́ Tí Àpòmù Wá Tọrọ Bàbá Mi

Bíríkìlà ni bàbá mi. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ló ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, tó rí àwọn ọ̀dọ́ Ìkirè tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù gbágungbàgun ní pápá ilé ìwé. Ó dúró, ó bá wọn wí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Kóòṣì. Bó ṣe di akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn nìyẹn, fún ọdún gbọọrọ. Ìyá mi a máa ní orogún mọ́kànlá lòun ní, gbogbo wọn ló sì ń wọ ṣòkòtò péńpé.

Tẹlifíṣọ̀n ló bà á jẹ́. Níbi tí wọ́n ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù, ojoojúmọ́ ni àwọn ọ̀dọ́ náà ń gbọ́ pé ẹgbẹ́ ńlá kan nílùú òyìnbó ti lé akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀, wọ́n sì ti gba òmíràn. Wọ́n á jiyàn ta ló yẹ kí wọ́n rà, ta ló yẹ kí wọ́n tà, àfi bíi pé àwọn ni wọ́n ni ẹgbẹ́ náà. Nígbà tí ẹgbẹ́ Àpòmù, ìlú tó múlé gbè wá, wá nà wá lórí pápá tiwa, àwọn wọ̀nyí náà ló ní ó tó gẹ́ẹ́, àwọn ń fẹ́ kóòṣì tó ní sátífíkéètì. Wọ́n mú ẹnì kan wá láti Ìbàdàn. Bàbá mi, tí ẹnikẹ́ni ò gbà síṣẹ́ náà rí, ni wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́. Balógun ikọ̀ náà lọ bá bàbá mi níbi tó ti ń to búlọ́ọ̀kù, ó ní, "Kóòṣì, ẹ má bínú, bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi gbogbo nìyẹn." Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àwọn àgbà ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Àpòmù wá sílé wa. Wọ́n gbé orógbó àti oyin wá, bí ẹni wá tọrọ ìyàwó. Èyí tó dàgbà jù ní, "A rí òdòdó kan nínú ọgbà yín, ó wù wá í já."

Ìyá mi ní, "Òdòdó yìí ti ń rọ o. Ṣé ẹ wò ó dáadáa?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, ó wá ní, "Ẹ ṣeun, ẹ kò ní kan àbùkù. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ máa kọ́ yín bẹ́ ẹ ṣe máa na àwọn ọmọ mi? Ọmọ kì í burú títí ká lé e fún ẹkùn pa jẹ. Wọ́n á padà wá."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ìyá mi sọ fún un pé, "Àwọn tó wá lẹ kọ̀, àwọn tí ò wá lẹ ń dúró dè."

Ará Ìbàdàn yẹn ò lo sáà kan tán tó fi rí ẹgbẹ́ mìíràn gba ibẹ̀ lọ. Bàbá mi gbọ́, ó fọ bàtà kánfáàsì rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tètè ti ibi iṣẹ́ dé, kí wọ́n lè bá a nílé. Ẹnikẹ́ni ò wá. Wọ́n tún lọ mú ẹlòmíràn ní Ifẹ̀. Èmi ni mo sọ fún un. Ó ní, "Ó dáa. Ó lè mọ̀ ọ́n jù mí lọ." Àpòmù náà sì ti rí tiwọn. Ó ń dùn mí títí dòní pé kò bá wọn lọ.

Láìpẹ́ yìí, èmi àti bàbá mi jọ ń ti Wásinmi bọ̀, ó ní ká dúró nítòsí pápá ilé ìwé yẹn. Ikọ̀ náà ń gbá bọ́ọ̀lù, àwọn tuntun ló pọ̀ nínú wọn. Ó sún mọ́ ibẹ̀, ó kọ́wọ́ sẹ́yìn, ó ń wò wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn sáré wá mú bọ́ọ̀lù tó jáde.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ ti wọnú pápá."

Bàbá mi ní kó má bínú, ó sì sún sẹ́yìn.