Àpá Tí Mo Fi Oòrùn Dá

Wọ́n ní àwọn dókítà kan ń tan iná lésà sí awọ ara kí wọ́n tó gún ènìyàn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí abẹ́rẹ́ náà lè jẹ́ dáadáa. Bí mo ṣe gbọ́ ọ lórí rédíò, ṣe ni mo pa rédíò.

Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí ìyá mi ní kí n pọn àbúrò mi obìnrin láti Ọlá lọ sí Ẹ̀jìgbò, kí wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ èéyi. Ọ̀lẹ ni mí, mi ò ní purọ́. Nígbà tí oòrùn mú, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Mo mọ̀ pé àpá bíi èyí tí abẹ́rẹ́ ṣànpọ̀nná dá sí tèmi ni ìyá mi máa wá lápá rẹ̀. Gíláàsì tó ń mú lẹ́tà tóbi, tí bàbá àgbà fi ń ka Kùránì, tí wọ́n rà fún un ní Àbíjàn, wà lápò mi. Mo ti jí i mú láti fi ṣeré. Mo fi kó oòrùn jọ sójú kan lápá ọmọ náà títí awọ fi bó. Ó ké títí ohùn rẹ̀ fi há.

Nígbà tí mo pọ̀n ọ́n padà délé láì dé Ẹ̀jìgbò, ìyá mi wò ó, ó ní, "Abẹ́rẹ́ yìí mà jẹ́ o! O ṣeun, ọmọ mi."

Kò pẹ́ tí èéyi fi dé. Àbúrò mi ò kú, àmọ́ ojú ọ̀tún rẹ̀ fọ́. Láti ìgbà náà, bí obìnrin kan lágboolé wa bá ń gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́, ìyá mi á ká apá aṣọ àbúrò mi sókè, á ní, "Ẹ wo àpá. Ṣebí wọ́n gún eléyìí náà?"

Ẹni tó ti pọnmọ tán á tú ọ̀já. Mo wà níbẹ̀, mò ń wò ó.