Ta Ló Wa Jeep Yẹn Sọ̀kalẹ̀ Lórí Òkè?

Mo dijú wa jeep sọ̀kalẹ̀ lórí òkè lónìí, bàbá mi ló sì ní kí n dijú.

Houston ò ní òkè, la bá lọ sí pápá kan lẹ́yìn ìlú The Woodlands, níbi tí wọ́n ti kó àpáta jọ di òkè fún àwọn tó ń kọ́ mọ́tò wíwà lórí ilẹ̀ gbágungbàgun.

Dádì ti ṣèlérí pé tí jeep àwọn bá délẹ̀ láìní àpá, èmi ni màá máa wà á lọ school.

A dé ṣóńṣó òkè. Mo wo ìsàlẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rí Nàìjíríà.

Dádì ní, "Dijú, ká gbàdúrà."

Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni mí. Mo dijú, mo tẹrí ba. Ẹsẹ̀ mi náà bọ̀wọ̀ fún Ọlọ́run, ó kúrò lórí bíréèkì.

Jeep gbéra. Mi ò lajú, torí Dádì ò tíì ṣe àmín.

Ìgbà tí wọ́n máa ṣe é, a ti délẹ̀. Kò sí àpá kankan. Òyìnbó tó ń kọ́ wa, tó dúró sísàlẹ̀, pàtẹ́wọ́, ó ní bó ṣe yẹ ká sọ̀ nìyẹn, láìtẹ bíréèkì, kí jíà fúnra ẹ̀ máa dì í mú.

"Dádì, kọ́kọ́rọ́ mi dà?"

"Kọ́kọ́rọ́ wo? Ṣé ìwọ lo wà á ni? Ọlọ́run ló wà á."

"Ṣé Ọlọ́run lá wá máa gbé mi lọ school?"

"Bọ́ọ̀sì á gbé ẹ."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ní láísẹ́ńsì, ẹ bá wa dá ẹjọ́ yìí.