Sítáàfù Tó Kọ Mọ́tò

Ní 1987, kò sí kọńdọ́ mọ́lùé tí ohùn rẹ̀ dún tó ti Ládépọ̀ ní gbogbo títì Bádágírì. Bó bá ń fi "Òkókó! Òkókó!" pe èrò Òkókómáikò ní Máìlì Tuu, àwọn adìyẹ Àjàǹgbàdí á fò sókè. Ẹ má bi mí bóyá etí adìyẹ gùn tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ó tínrín, orí rẹ̀ sì kunkun.

Ilé kan wà ní Ìbà nígbà náà tí Ìyá Àpèkẹ́ ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ bá jà. Ládépọ̀ àti Wàsíù, dírẹ́bà rẹ̀, gbé ìrẹsì lọ fún wọn. Ládépọ̀ rí bí àwọn ọmọ náà ṣe ń fi ìdí wọ́ lórí símẹ́ǹtì, ó sì dákẹ́. Kọńdọ́ tó dákẹ́, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti wọ̀ ọ́ lára.

Lọ́jọ́ kejì, ó gba Àlábà lọ bá Àlàájì Kàsúmù, olówó tó ń ta tẹlifíṣọ̀n.

"Àlàájì, ẹ ra àga onítáyà fún àwọn ọmọ Ìbà."

"Ìwọ ńkọ́? Kí lo fẹ́ ṣe fún wọn?"

"Màá fẹsẹ̀ rìn láti Ìlélà ní bodè Nìjẹ̀, dé Òkókómáikò. Gbogbo gígùn Nàìjíríà. Bí mo bá rìn ín tán, ẹ ó ra àga fún gbogbo wọn."

"Ìwọ tí o kì í fẹsẹ̀ rìn lọ ra síga?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Àlàájì na ìka sí i. "Mo gbà. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ rẹ bá fi lè kan inú mọ́tò pẹ́rẹ́, kò sí àga o."

"Kò ní kàn án."

Àṣé ọ̀rọ̀ kan wà tó máa yọ ọ́ lẹ́nu ju oòrùn lọ: sítáàfù. Nídìí iṣẹ́ mọ́tò, kọńdọ́ kì í sanwó nínú mọ́tò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó kàn máa ní, "Sítáàfù!" ni, ó ti wọlé nìyẹn. Ẹni tó bá ní kí wọ́n má gbé òun, wọ́n á ní ó ń fojú di àwọn.

Lọ́ọ̀rì ẹlẹ́ran ló gbé e lọ sókè Ọya. Ó sọ̀ ní bodè, ó gbé báàgì owó iṣẹ́ rẹ̀ kọ́rùn, ó kọjú sílé. Ràkúnmí kan tẹ̀ lé e títí dé Jẹ́bà, ó wo odò, ó sì yí padà. Àwọn kan ní kò sí ràkúnmí kankan níbẹ̀. Àwọn yẹn kò débẹ̀. Èmi náà kò débẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ìwà ràkúnmí.

Báàgì yẹn ni gbogbo dírẹ́bà ń rí. "Sítáàfù! Wọlé, jàre!"

"Mò ń rìn."

"Wọ́n lé ẹ níṣẹ́ ni?"

"Èmi ni mo lé mọ́tò."

Àwọn dírẹ́bà yìí ló ń gbé ìròyìn rẹ̀ wá bá wa: ó ti ń tiro, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti là. Nígbà tó dé Ọ̀yọ́, ìyá rẹ̀ di ẹsẹ̀ náà mú, ó ń sunkún. "Ọmọ mi, wọ mọ́tò. Ọlọ́run á dárí jì ẹ́."

"Àlàájì ò ní dárí jì mí, Màámi."

Ọjọ́ tó dé Abúlé-Àdó, Wàsíù àti gbogbo kọńdọ́ Òkókómáikò ti lọ pàdé rẹ̀. Kó tó lanu, wọ́n ti gbé e sókè. "Sítáàfù! Sítáàfù!" Inú mọ́lùé ni wọ́n sọ ọ́ sí, ó di eré. Ó pariwo títí, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ìyànà-Ìbà ló ti ráyè bẹ́ sílẹ̀, iwájú Àlàájì, tó ti gbé mọ́tò rẹ̀ wá dúró dè é, gan-an ló sì bẹ́ sí.

"Mo rí ẹsẹ̀ rẹ nínú mọ́tò," ni Àlàájì wí. "Ó parí."

Wàsíù dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Àlàájì, àwa la gbé e! A fẹ́ yẹ́ ẹ sí ni!"

"N ò béèrè ẹni tó gbé e."

Ládépọ̀ gbọn eruku sòkòtò rẹ̀. "Ó dáa. Láti Abúlé-Àdó dé ibí ni mọ́tò jẹ lọ́wọ́ mi. Mò ń padà lọ tún un rìn. Ẹ̀yin náà ẹ máa bọ̀, Àlàájì, kẹ́nikẹ́ni má bá mi jiyàn lọ́la."

"Èmi? Kí n fẹsẹ̀ rìn?"

"Ẹ wọ mọ́tò bẹ́ ẹ bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú mọ́tò kò gbọdọ̀ bá mi sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lẹ́nu géètì yunifásítì hó yèè. Àlàájì wo ojú gbogbo èèyàn, ó wo mọ́tò rẹ̀, ó ká agbádá lé èjìká. Kí wọ́n tó dé bárékè, bàtà rẹ̀ ti wà lọ́wọ́. Àwọn ìyàwó sójà jáde wá ń pàtẹ́wọ́, wọn ò mọ èyí tí wọn ì bá kí nínú àwọn méjèèjì. Ní Abúlé-Àdó, Ládépọ̀ fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ibi tí wọ́n ti gbé e gan-an, ó yí padà, kò sinmi.

Nígbà tí wọ́n dé Òkókómáikò, Àlàájì jókòó pẹ̀ẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Àwọn ọmọ yẹn," ló ní, "mélòó ni wọ́n?"

"Gbogbo wọn lẹ gbà láti rà á fún, Àlàájì."

"Mo mọ̀. Fi àga kan kún un, kẹ́ ẹ rí nǹkan tì mí délé."