Sányán Ìyá Ọkọ Mi

Mo dàgbà ju ìyálé mi lọ. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, ó kàn wọ ilé wọn ní Oǹdó ṣáájú mi ni. Síbẹ̀ èmi ni mò ń kúnlẹ̀ kí i, èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kọ̀ǹpútà ní Àkúrẹ́! Ó máa ń dùn mí wọra, n ò ní purọ́.

Nígbà tí ìyá ọkọ wa kú, àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin mú nínú aṣọ rẹ̀, wọ́n ní kí àwa ìyàwó ilé pín ìyókù. Sányán kan wà níbẹ̀ tí màmá ró lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi. Ojú mi ò kúrò lára rẹ̀. Kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ní, "Ìyàwó, ìwọ lo mọ kọ̀ǹpútà. Ṣe é kó máa pè yín níkọ̀ọ̀kan, kí kálukú mú ẹyọ kan."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ká tò ó bí ọjọ́ orí?"

"Ta ló kọ́ ẹ nìyẹn? Ọjọ́ orí kọ́ la fi ń jẹ ìyálé. Bí ẹ ṣe wọlé ni kí o tò ó, kó má sì ṣeé yí o."

Mo padà sí Àkúrẹ́, mo fi ìbínú jókòó ti iṣẹ́ náà. Nínú Python, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, àkójọ tí wọ́n ń pè ní list máa ń gbà kí a yọ nǹkan kúrò. Inú rẹ̀ ni mo kó àwọn aṣọ sí, torí bí a bá ṣe ń mú wọn ni wọn yóò máa dín kù. Tuple, oríṣi àkójọ mìíràn, ní tirẹ̀, bí o bá ti to nǹkan sínú akámọ́ rẹ̀, ó parí, kò gba àtúntò. Ibẹ̀ ni orúkọ àwa ìyàwó wọ̀. Òdo ni Python ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ìyálé mi sì bọ́ sí òdo. Mo rẹ́rìn-ín títí! Mo wá ní kí n dán an wò, mo ní kí orúkọ mi bọ́ sí ipò rẹ̀. Kíá ló kọ̀ fún mi, ó ní tuple kì í gba pààrọ̀. Ẹ gbà mí o! Kọ̀ǹpútà mi náà ti gbè sẹ́yìn ìyálé. Mo lè kọ tuple mìíràn lóòótọ́, àmọ́ gbogbo ilé ló mọ ẹni tó kọ́kọ́ wọlé.

Lọ́jọ́ ìpín, a péjọ sí yàrá màmá ní Oǹdó. Ìyálé mi ni kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ pè. Ó kọjá lára sányán, ó bẹ̀rẹ̀, ó fa ìró àǹkárá kan tó ti ṣá yọ nísàlẹ̀. Òun ni màmá ń ró ní gbogbo ìgbà àìsàn rẹ̀, ìyálé mi ló sì ń fọ̀ ọ́.

"Èyí tó mi," ó ní. Ó gbé e sí imú, ẹkún gbọ̀n ọ́n. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin dì mọ́ ọn, ó ní, "Ìwọ ni màmá fi sílẹ̀ fún wa."

Kọ̀ǹpútà pè mí. Mo mú sányán, kò sẹ́ni tó wò mí. Ìlara àkísà yẹn gbé mi dè. Èmi náà gbé tèmi sí imú. Káfúrà nìkan ló ń rùn.