Mùíbì Onígéèmù àti Bọ́ọ̀lù Tó Ń Jáde Lọ́dọọdún

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ pé èmi ò gbá géèmù rí láyé mi. Aṣọ ni mò ń rán. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Utako nílùú Abuja, nítòsí gáréèjì, níbi tí àwọn agbèrò ti ń pe Lọ́kọ́jà, Lọ́kọ́jà, títí orí á fi fẹ́ fọ́ mi. Pákó pẹlẹbẹ kan ló wà láàárín èmi àti Mùíbì onígéèmù, torí náà kò sóhun tí wọ́n sọ lọ́hùn-ún tí n kì í gbọ́. Bí wọ́n bá gbá góòlù wọlé, ariwo wọn á jẹ́ kí abẹ́rẹ́ gún mi lọ́wọ́. Bí kò bá wọlé, "Kai!" tí wọ́n máa pa tó láti jí ọmọ ọlọ́mọ lójú oorun. Mo ti lu pákó yẹn títí, ó ti sú mi.

Mùíbì fúnra rẹ̀ kì í pariwo. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ga, ó tín-ín-rín, ó sì máa ń bá àgbà sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ọjà Dei-Dei ló ti wá sí Utako. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Alájì Àbdùlràhmọ̀n, ń ta páànù ìkọ́lé níbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Mùíbì sì ti ń bá wọn tajà fún ọdún mélòó kan. Àbí kí n kúkú sọ pé ó ń bá wọn gba èébú. Bó bá jókòó, Alájì á ní ọ̀lẹ ni. Bó bá dìde, wọ́n á bi í pé ta ló ní kó dìde. Bó bá tajà, ó ti tà á lọ́pọ̀ jù. Bí kò bá sì tà, ojú rẹ̀ tó le ló lé oníbàárà lọ. Irú ẹ̀gbọ́n wo nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́?

Nígbà tí Mùíbì wá sí Utako, tó ra tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ géèmù àlòkù táwọn èèyàn ń sanwó gbá, Alájì ní kò burú, òun ò bínú. Ṣùgbọ́n wọ́n ní géèmù kì í ṣe iṣẹ́. Wọ́n ní lọ́jọ́ tóun bá dé ibẹ̀ tóun bá bá bẹ́ńṣì lófìfo, lọ́jọ́ náà ni Mùíbì máa ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yẹn pa, tó máa tẹ̀lé òun padà sídìí páànù. Bàbá wọn ti kú, Alájì ló sì wà nípò bàbá. Ta ló máa jiyàn?

"Ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ̀rù láyé yìí nìyẹn, Ìyá Ràdíátù," Mùíbì sọ fún mi lọ́jọ́ kan. "Kì í ṣe ebi o. Dei-Dei ni."

Bẹ́ ẹ bá rò pé ọmọdé ló ń wá gbá géèmù lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ ti ṣì í. Àgbààgbà ni wọ́n. Àwọn awakọ̀ tó ń retí kí ọkọ̀ wọn kún wà níbẹ̀, àwọn ọlọ́jà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀gá Babátọ́pẹ́, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, tó máa ń ká táì rẹ̀ sínú àpò kó tó wọlé. N ò mọ iléeṣẹ́ ìjọba tó ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọn kì í wá a. Ọ̀gá Babátọ́pẹ́ yìí kàwé, òun ló sì máa ń ṣàlàyé gbogbo nǹkan fún àwọn yòókù, títí kan ohun tí kò mọ̀.

Géèmù bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá yìí, lọ́dọọdún ni àwọn òyìnbó tó ń ṣe é máa ń gbé òmíràn jáde. Wọ́n á fi nọ́ńbà ọdún tuntun sára rẹ̀, ó parí. Tẹ́lẹ̀, Mùíbì máa ń sáré rà á. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní èyí tó jáde kò ní ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀, àfi kéèyàn ra ẹ̀rọ tuntun. Níbo ni Mùíbì ti fẹ́ rówó ìyẹn? Bí Ọlọ́run tún ṣe fẹ́ dán an wò, ọkùnrin kan ṣí ilé géèmù sí òdìkejì ọjà, ó gbé ẹ̀rọ tuntun síbẹ̀, ó tún gbé ẹ̀rọ amúlétutù kọ́ ògiri.

Ọ̀gá Babátọ́pẹ́ ló kọ́kọ́ lọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó mi orí bí ẹni tó wá kí ọlọ́fọ̀. "Mùíbì, ti èṣí lo ṣì ń gbá? Ayé ti kọjá ibẹ̀ yẹn o." Ni àwọn yòókù bá ń tẹ̀lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tí mo fi ń rán aṣọ láti àárọ̀ dalẹ́ tí abẹ́rẹ́ kan ò gún mi. Mo rò pé màá dúpẹ́. Irọ́ ni, ìdákẹ́jẹ́ yẹn ń bà mí nínú jẹ́ ni.

Mùíbì wọlé tọ̀ mí wá, ó jókòó sórí àpótí mi, ó káwọ́ lérí. Inú bí mi.

"Kí ló ń lé àwọn òyìnbó wọ̀nyí gan-an?" mo ní. "Èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún tó kọjá, ṣé ó ti gbó ni? Bọ́ọ̀lù náà ni, ṣé kò rí róbótó mọ́ ni? Wọn ò jẹ́ kéèyàn mí!"

Ó wo aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi. "Ìyá Ràdíátù, ta ló ni aṣọ yẹn?"

"Misturah ni. Aṣọ Máólúdì rẹ̀ ni."

"Èyí tẹ́ ẹ rán fún un ní Máólúdì tó kọjá, ṣé ó ti ya?"

"Kò ya. Ó lóun fẹ́ sítáìlì tuntun."

"Kí lẹ wá yí padà níbẹ̀?"

"Ọrùn," mo ní. "Àti ẹnu ọwọ́."

"Bébà tẹ́ ẹ fi gé ti èṣí ńkọ́?"

Bébà náà ló wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Ó rí i. Mo fi aṣọ bò ó, ṣùgbọ́n ó ti rí i.

Ó ní bí ti àwọn òyìnbó náà ṣe rí nìyẹn. Ó ní bébà ìgé-aṣọ wọn ti wà nílẹ̀, wọn kì í tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù á kúrò ní kílọ́ọ̀bù kan bọ́ sí òmíràn, jẹ́sì á yí padà, ẹnìkan á gẹ irun, wọ́n á kó gbogbo ẹ̀ wọnú ti tẹ́lẹ̀, wọ́n á lẹ ọdún tuntun mọ́ ọn. Bí wọn ò bá sì tètè gbé e jáde bí ìdíje bọ́ọ̀lù ṣe ń bẹ̀rẹ̀, ẹlòmíì á gbé tirẹ̀ jáde, oníbàárà á bá tibẹ̀ lọ. Ó ní bí wọ́n bá tiẹ̀ kánjú tí àléébù wà níbẹ̀, wọ́n á ní kéèyàn fara dà á, àwọn máa tún un ṣe nínú èyí tó ń bọ̀.

"Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí oníbàárà mi," mo ní.

"Ẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Ìyá Ràdíátù."

Mo ní kó dìde lórí àpótí mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Mùíbì ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Mo ń gbọ́ tó ń tẹ páàdì tí wọ́n fi ń gbá géèmù, kẹ́kẹ́kẹ́, láìsí ariwo ènìyàn kankan. Nígbà tó yá, ó yọjú sí mi pé kí n wá bá òun wo àwọ̀. Ṣé ẹ rí i, géèmù yẹn fúnra rẹ̀ ní àyè tí èèyàn ti lè yí orúkọ agbábọ́ọ̀lù padà, kó kùn jẹ́sì wọn, kó gé irun wọn. Ohun tó ń ṣe láti àárọ̀ nìyẹn nínú géèmù èṣí, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò mọ ìyàtọ̀ pupa àti pupa rúsúrúsú. Èmi ni mo bá a mú àwọ̀. Mo tiẹ̀ bá kílọ́ọ̀bù kan tún ọrùn jẹ́sì ṣe, torí bí wọ́n ṣe ṣe é kò dáa.

Nígbà tó parí, ó kọ nọ́ńbà ọdún tuntun gàdàgbà sára ilẹ̀kùn. Ẹ má sọ pé ó purọ́ o. Ọdún ló kọ. Ṣé ọdún yẹn kọ́ la wà nígbà náà ni?

Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń yọjú. Ọ̀gá Babátọ́pẹ́ gba páàdì, ó gbá a díẹ̀, ó wá kígbe: "Ẹ wo gíráfíìsì! Ẹ wo òógùn lójú wọn! Gólì yìí ti ń ronú báyìí o. Ti èṣí, bọ́ọ̀lù rẹ̀ wúwo, tèyí fúyẹ́. Àwọn òyìnbó ṣiṣẹ́!"

"Yauwa!" awakọ̀ kan ní. "Mo mọ̀ ọ́n lára nígbà tí mo yìn ín!"

Mo ki ẹnu bọ aṣọ Misturah kí wọ́n má baà gbọ́ ẹ̀rín mi. Bọ́ọ̀lù tó wúwo lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá ló fúyẹ́ lónìí, bí ẹni pé wọ́n fún un lóògùn ìgbẹ́.

Kò tán síbẹ̀. Wọ́n padà lọ wo ti ọkùnrin ọ̀hún, ojúlówó tuntun, kí wọ́n lè fi wé ti Mùíbì. Kò tíì mọ́ wọn lọ́wọ́, ẹ̀rọ náà sì ń fi góòlù lù wọ́n. Ni Ọ̀gá Babátọ́pẹ́ bá ṣèdájọ́ pé ayédèrú ni ti ọkùnrin yẹn. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá mọ nǹkan á mọ̀ pé ti Mùíbì ni ojúlówó. Láti ọjọ́ náà, bẹ́ńṣì Mùíbì kún, àwọn kan tún ń dúró. Abẹ́rẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í gún mi, inú mi dùn.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, Alájì Àbdùlràhmọ̀n dé láti Dei-Dei. Agbádá funfun, tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Wọ́n wọlé, wọn ò rí ibi jókòó.

"Sànnu, Alájì," àwọn kan kí i, ojú wọn kò kúrò lára tẹlifíṣọ̀n.

"Mùíbì, kí ló ń fa èrò báyìí?"

Ọ̀gá Babátọ́pẹ́ ló dáhùn. "Èyí tó jáde lọ́dún yìí ni, Alájì. Kò sírú ẹ̀ ní gbogbo Abuja."

Alájì kọjú sí àbúrò wọn. "Kí ló fi yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀?"

Mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé, sọ ohunkóhun, Mùíbì. Sọ pé ó dáa jù ú lọ, tàbí kó o kàn mi orí lásán. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù Alájì tó wà lára ọmọ yẹn láti kékeré kò jẹ́ kó lè purọ́ fún wọn. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

"Kò yàtọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ti tẹ́lẹ̀ náà ni. Orúkọ àti jẹ́sì ni mo yí padà."

Àìmẹ́nu, àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́! Mo dìde, mo lọ sẹ́nu ọ̀nà wọn. Mo ti ń rí i bí Mùíbì ṣe ń ru páànù lójú oòrùn.

Ẹ̀rín ni Ọ̀gá Babátọ́pẹ́ bú sí. Ó fi ìgúnpá gún awakọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wá sọ ohun tó pè ní ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́: "Ọmọ yìí gbọ́n o! Ta ló ń sọ fún mọ̀lẹ́bí pé ọjà òun ń tà?"

Ló bá yé gbogbo wọn. Wọ́n fẹ́ gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wá tọrọ nǹkan. "Òótọ́ ni, Alájì," awakọ̀ ní, ẹni tó ti ń dúró láti àárọ̀ kó lè kàn án. "Kò sí nǹkankan níbí o. Ọjà ò yá rárá." Ẹlòmíì ní àwọn kàn wá fi ibẹ̀ sinmi oòrùn ni. Wọ́n há gádígádí sórí bẹ́ńṣì kan, òógùn bò wọ́n, wọ́n ń sọ pé ẹnikẹ́ni kì í wá síbẹ̀.

Ojú Alájì yí padà. "Mùíbì. Ọmọ ìyá mi. Èmi lò ń fi pamọ́ fún?"

"Ẹ̀gbọ́n, mo fi Ọlọ́run..."

"Má búra! Bí kì í bá ṣe pé ó ń mówó wọlé, kí ló dé tó o fi ń bò ó?" Alájì wo èrò náà yíká, wọ́n wo nọ́ńbà ara ilẹ̀kùn, wọ́n mí kanlẹ̀. "Mo ti gbà. Iṣẹ́ ni. O ò padà sí Dei-Dei mọ́."

Mùíbì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Èmi pariwo Alhamdulillahi lẹ́nu ọ̀nà, omi bọ́ lójú mi, n ò purọ́. Àwọn oníbàárà pàtẹ́wọ́.

"Dìde," Alájì ní. "Iṣẹ́ tó tó báyìí kò ṣeé dá ṣe. Àwọn ọmọ mi á máa mójú tó páànù. Èmi fúnra mi ń bọ̀ níbí láti ọjọ́ Mọ́ńdè."

Wọ́n sì dé lóòótọ́. Wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n gbàgìdì wá, wọ́n ra ẹ̀rọ tuntun, wọ́n gbé àga tìmùtìmù kan sẹ́nu ọ̀nà, orí rẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí láti àárọ̀ títí di ìgbà tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn. Èrò tún pọ̀ sí i. Mo kàn ń gbọ́ orúkọ Mùíbì lẹ́nu Alájì ṣáá ni, léraléra, bí agbèrò ṣe ń pe Lọ́kọ́jà. Ohùn Mùíbì fúnra rẹ̀, n kì í sábà gbọ́ ọ mọ́.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ lánàá. Ọdún yìí ò tíì dé ìdajì o. Alájì ti jẹun ọ̀sán tán, wọ́n ń fi igi tayín, wọ́n pariwo pè é:

"Mùíbì! Ti ọdún tó ń bọ̀ ńkọ́? Kí lò ń wò?"

Mo gbọ́ tí páàdì dún, kẹ́kẹ́kẹ́.

"Mo ti ń ṣe é, ẹ̀gbọ́n."